Bí A Ṣe Ń Kan Pláíwúùdù Mọ́ Orí Pákó Adènà-ariwo Kí A Tó Tẹ́ Fáínìlì

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwa káfíńtà Abẹ́òkúta tẹ́lẹ̀, nítorí pé sìmẹ́ńtì tàbí táìsì ni a fi ń parí ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé wa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ènìyàn ti ń sọ yàrá òkè di ibi tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀, tàbí ibi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ ìlù, ni pákó adènà-ariwo ti ń wọ ilé díẹ̀díẹ̀, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní àkọ́sítíìkì bọ́ọ̀dù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé orúkọ náà kúrú sí pákó apariwo o, nítorí òdìkejì rẹ̀ gan-an nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti rí èyí tí wọ́n kàn tó fi di apariwo lóòótọ́. Ọwọ́ èmi náà wà nínú ọ̀kan, n ó sì sọ ọ́ bí mo bá dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí pákó náà jẹ́, nítorí ẹni tí kò mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni yóò bà á jẹ́. Ìpele méjì ni ó ní. Èyí òkè jẹ́ pákó líle, ó lè jẹ́ ṣíípùbọ́ọ̀dù, MDF tàbí pláíwúùdù, tí ó sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 18. Èyí ìsàlẹ̀ jẹ́ fóòmù tàbí òwú kíki kan tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́ wá, tí òun náà lè tó mìlímítà 8 sí 10. A kì í kan pákó yìí mọ́ ilẹ̀. Ńṣe ni a máa ń tẹ́ ẹ kalẹ̀, tí a ó fi gọ́ọ̀mù so etí ọ̀kan mọ́ èkejì, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì léfòó lórí fóòmù náà bí ọkọ̀ ṣe ń léfòó lójú omi. Bí ènìyàn bá ń rìn kìjìkìjì lórí rẹ̀, fóòmù yóò ti pa ìró ẹsẹ̀ náà kù kí ó tó dé orí dẹ́kìn, ìyẹn ilẹ̀ òkè tí a fi kọnkéré dà, tàbí orí pákó ilé àtijọ́, tí ì bá gbé e lọ fún ẹni tó wà nísàlẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò ju èyí lọ: ohun líle ti òkè kò gbọdọ̀ fara kan ohun líle ti ìsàlẹ̀. Ìṣó kan ṣoṣo tó bá gba inú fóòmù kọjá ti di afárá tí ariwo yóò máa gbà sọdá.

Ẹ ṣọ́ra nílé ìtajà. Bí ẹ bá kàn béèrè àkọ́sítíìkì bọ́ọ̀dù láìṣe àlàyé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé pákó sílíìnì oníhò wẹ́wẹ́ fún yín, èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 níbùú àti lóòró. Òkè ni ibi ti ìyẹn. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò rún bí ìpékeré.

Ìbéèrè tí àwọn oníbàárà sábà máa ń bi mí ni pé, bí pákó bá ti wà nílẹ̀ tí ó sì dán, kí ló dé tí a kò kúkú lẹ fáínìlì, ìyẹn ike pẹlẹbẹ tí a fi ń bo ilẹ̀, mọ́ ọn tààrà kí owó pláíwúùdù dúró sápò? Ìdáhùn mi ni pé fáínìlì tí à ń lẹ̀ kì í sábà ju mìlímítà 2 sí 3 lọ, ó sì rọ̀. Ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ rẹ̀, ìbáà ṣe ojú ibi tí pákó méjì ti pàdé, orí ìṣó, tàbí ẹyọ iyanrìn kan, ni yóò yọ síta lójú rẹ̀ láìpẹ́, bí ìhà ṣe máa ń yọ lára ẹni tó rù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nítorí pé fóòmù wà lábẹ́ pákó wọ̀nyí, ọ̀kan a máa rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, èkejì rẹ̀ kò sì ní bá a rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lásìkò kan náà. Ojú ìpàdé wọn yóò máa gbéra, yóò máa sọ̀ kalẹ̀, títí fáínìlì tó wà lórí rẹ̀ yóò fi ṣí tàbí kí ó ya. Pláíwúùdù ni ó ń so gbogbo wọn pọ̀ di ara kan, òun náà ni ó sì ń fún gọ́ọ̀mù fáínìlì ní ojú tó dára láti dì mọ́.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ bọ́ bàtà yín kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn yí yàrá náà ká láìkánjú, nítorí ẹsẹ̀ lásán a máa mọ ohun tí ojú kò rí. Ibi tí pákó bá ti ń rọ̀ ju ti ibòmíràn lọ, tàbí tí ó ti ń han gooro, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ojú ìpàdé ló ti ṣí, ẹ da gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà sínú rẹ̀, kí ẹ sì gbé àpò sìmẹ́ńtì kan lé e lórí di ọjọ́ kejì. Bí ṣíípùbọ́ọ̀dù bá ti mu omi tí etí rẹ̀ ti wú, kò tún ní fọn mọ́ láéláé. Ẹ fi sáńpépà há a kúrò bí ó bá kéré, bí ó bá sì pọ̀, ẹ gé ibẹ̀ kúrò kí ẹ fi òmíràn tó nípọn bákan náà dípò. Fóòmù tó ti tẹ́ pẹlẹbẹ kò ní àtúnṣe kankan tí pláíwúùdù lè ṣe fún un.

Bí ó bá jẹ́ orí dẹ́kìn ni wọ́n tẹ́ pákó náà sí, pàápàá ní yàrá tó fara ti ilé ìwẹ̀, ẹ ṣí ẹyọ pákó kan níbi ẹnu ọ̀nà, kí ẹ tẹ́ ọ̀rá tó fẹ̀ tó mítà kan sórí dẹ́kìn náà, kí ẹ sì fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pinpin. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ ṣí i wò. Bí ìsàlẹ̀ ọ̀rá náà bá ti làágùn, ọ̀rọ̀ yín kò tíì kan pláíwúùdù, ti búlọ́ńbà ni. Ní ti àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó wà ní apá Aké, Ìgbẹ̀ìn àti Ìtòkò, irú èyí tí àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ẹrú tí a dá sílẹ̀ tí wọ́n ń ti Sierra Leone bọ̀, mú ìlànà kíkọ́ rẹ̀ wá nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láti nǹkan bí ọdún 1839, pákó ni ilẹ̀ òkè ọ̀pọ̀ nínú wọn, ikán sì ni ọ̀tá wọn. Ẹ fi orí sìkúrúdíráfà gún àwọn igi ńlá tó gbé ilẹ̀ náà dúró láti ìsàlẹ̀. Bí ó bá wọlé wọ̀ọ̀, ẹ pe ẹni tó ni ilé kí ẹ fi hàn án, kí ẹ má sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí fáínìlì. Bí wọ́n bá fi oògùn ikán tí a fi epo pò sí i, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ tán pátápátá títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ, nítorí irú epo bẹ́ẹ̀ lè sọ fáínìlì di aláwọ̀ ìyeyè láti ìsàlẹ̀ wá.

Wàyí o, a dé ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń yè tàbí tí ó ti ń kú, ìyẹn ni gígùn sìkúrúù. Ìṣirò rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́, kì í ṣe pẹ̀lú ojú. Ẹ lọ sí ẹnu ọ̀nà tàbí ibikíbi tí etí pákó adènà-ariwo ti hàn, kí ẹ wọn bí pákó líle òkè rẹ̀ ṣe nípọn tó, láìka fóòmù mọ́ ọn. Ká ní ó jẹ́ mìlímítà 18, tí pláíwúùdù tí ẹ fẹ́ kàn lé e sì jẹ́ mìlímítà 6, gbogbo igi tí sìkúrúù ní láti gbé jẹ́ mìlímítà 24. Sìkúrúù ínǹṣì kan, èyí tó wà nínú àpò gbogbo káfíńtà, jẹ́ mìlímítà 25. Ẹ ò rí i pé ó ti kọjá? Nígbà tí ẹ bá sì ti tẹ orí rẹ̀ wọlé díẹ̀ kí ó má baà yọ, ó ti wọ inú fóòmù tó mìlímítà 2. Èyí tó yẹ ni ínǹṣì ¾, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní tírìkọ́tà, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 19: yóò gba inú pláíwúùdù kọjá, yóò jẹ pákó ìsàlẹ̀ tó mìlímítà 13, yóò sì ku bíi mìlímítà 5 kí ó tó kan fóòmù. Bí pláíwúùdù yín bá jẹ́ mìlímítà 9, tírìkọ́tà náà ni. Àfi bí ó bá jẹ́ mìlímítà 12 nìkan ni ínǹṣì kan tó bọ́ sí i. Bí ó sì bá jẹ́ pé pákó líle òkè kò ju mìlímítà 9 sí 12 lọ, mi ò ní gbẹ́kẹ̀ lé sìkúrúù nìkan. N ó ta gọ́ọ̀mù funfun sáàárín méjèèjì, n ó sì lo sìkúrúù kúkúrú kí ó bá mi di pláíwúùdù mú títí gọ́ọ̀mù yóò fi gbẹ.

Bí mo ṣe kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kò dùn mọ́ mi nínú. Yàrá kan ni wọ́n gbé fún mi ní òkè ilé kan ní Ìtòkò, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń lu ìlù tí wọ́n sì ń gba ohùn sílẹ̀. Ìyá kan tó ń ránṣọ ló wà ní ìsàlẹ̀ wọn. Pákó adènà-ariwo ti wà nílẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Èmi, nínú ọgbọ́n orí mi, mo ní kí pláíwúùdù má baà dìde lọ́jọ́ iwájú, mo lo sìkúrúù ínǹṣì kan ààbọ̀. Mìlímítà 38 nìyẹn, lórí igi tó jẹ́ 24. Gbogbo ẹnu sìkúrúù náà gba inú fóòmù mìlímítà 10 kọjá, wọ́n sì jẹ pákó ilé wọlé. Ilẹ̀ náà le gbagidi, inú mi dùn, mo tẹ́ fáínìlì lé e, mo gba owó mi. Lọ́jọ́ kẹta ni ìyá náà dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ọ̀gá káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́ o. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń gbọ́ wọn bí ẹni tó wà ní ilé kejì ni. Ní báyìí, ó dà bíi pé inú ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni wọ́n ti ń lu ìlù.” Mo ṣí fáínìlì náà, mo sì tú sìkúrúù tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kó gbogbo sìkúrúù gígùn kúrò nínú àpò mi sílẹ̀ nílé kí n tó lọ síbi irú iṣẹ́ yìí, nítorí ohun tí kò sí nítòsí, ọmọ iṣẹ́ kò lè ṣèèṣì mú un.

Ní ti irú sìkúrúù, ẹ lo èyí tí wọ́n ṣe fún igi. Àwọn dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn oní-POP ń lò le, ṣùgbọ́n wọn kì í tẹ̀. Orí wọn a máa já nígbà tí ilẹ̀ bá ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀. Ìṣó lásán ni kí ẹ má ṣe gbèrò rárá. Lílù tí ẹ ó máa fi òòlù lù ú lórí fóòmù yóò máa mú kí pákó ta padà, ìṣó náà yóò sì máa yọ jáde fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Pláíwúùdù tí wọ́n ń tà lọ́jà wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 níbùú, ẹsẹ̀ bàtà 8 lóòró. Mìlímítà 6 tó bí pákó ìsàlẹ̀ bá dúró dáadáa. Bí ó bá ń rọ̀ lọ́wọ́ ẹsẹ̀, ẹ gbé e dé 9 tàbí 12. Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ tàbí ohun tí olùtajà pè é gbọ́ láìwọ̀n ọ́n, nítorí èyí tí wọ́n pè ní ááfù-ínǹṣì kì í sábà pé mìlímítà 12, ìṣirò sìkúrúù tí mo ṣe lókè yìí kò sì gba àṣìṣe mìlímítà 2. Ẹ fi ìka kàn án káàkiri. Ibi tó bá dún bí ìlù ni inú rẹ̀ ti ṣófo, bàtà onígìgísẹ̀ yóò sì lu ibẹ̀ já lọ́jọ́ kan. Ẹ má ra èyí tí ojú rẹ̀ ń dán bí ike, tí àwọn tó ń da dẹ́kìn fi ń ṣe fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń da kọnkéré sí, àní bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Gọ́ọ̀mù fáínìlì kò ní dì mọ́ ojú bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi yàrá kan ṣe àpẹẹrẹ. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 14, gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 168. Ẹyọ pláíwúùdù kan bo 32, nítorí náà márùn-ún kò ní tó. Mẹ́fà ni ẹ ó rà. Ẹ ní kí wọ́n là wọ́n sí méjì-méjì lọ́jà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan di ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 4. Ìdí méjì ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èkíní ni pé èyí tó kéré máa ń sùn pẹlẹbẹ ju odindi lọ. Èkejì jẹ́ ti ìlú wa fúnra rẹ̀: ẹni tó bá ti di odindi pláíwúùdù mìlímítà 6 sórí ọkọ̀ láti Làfẹ́nwá gun òkè lọ sí Aké yóò ti rí i bó ṣe ń mì bí ìyẹ́ ẹyẹ nínú afẹ́fẹ́, kò sì sí bí kò ṣe ní tẹ̀ kí ó tó débẹ̀.

Kí wọ́n tó kàn án, ó gbọ́dọ̀ bá yàrá náà mọra. Ẹ tò wọ́n sínú yàrá fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ fi igi pẹlẹbẹ sí àárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ni kì í ní sùúrù fún èyí, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ wa kì í ṣeré. Pláíwúùdù tí a kàn ní ìgbà ọyẹ́ ti gbẹ tán, yóò sì wú díẹ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní oṣù kẹrin; bí kò bá sí àyè fún un, yóò gbé àárín sókè. Ìdí nìyí tí a kì í fi í tì wọ́n mọ́ra típẹ́típẹ́. Àyè tí mo máa ń fi sáàárín ẹyọ kan àti èkejì kò ju bí káàdì ATM ṣe nípọn lọ. Mo ní ògbólógbòó méjì tí ó ti kú tí mò ń lò fún un. Ní gbogbo etí ògiri, àyè mìlímítà 10 ni mo máa ń fi sílẹ̀, mo sì máa ń ki fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀ kí sìmẹ́ńtì àti ìdọ̀tí má baà dí i. Ògiri náà jẹ́ ohun líle. Bí pláíwúùdù bá fara tì í, ariwo yóò gba ara ògiri lọ sísàlẹ̀, gbogbo làálàá orí sìkúrúù yóò sì di asán. Ohun kan náà ni ẹ ó ṣe yí páìpù omi ká.

Bí ẹ bá ń tò wọ́n, ẹ ṣe bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù, kí ojú ìpàdé ìlà kan bọ́ sí àárín ẹyọ ìlà kejì, kí igun mẹ́rin má sì pàdé lójú kan. Ẹ sì tún wo ìsàlẹ̀: ojú ìpàdé pláíwúùdù kò gbọdọ̀ bọ́ sórí ojú ìpàdé pákó adènà-ariwo, ó kéré tán kí ó jìnnà sí i tó ínǹṣì 6. Mo máa ń fi pẹ́ńsù fa ìlà ibi tí pákó ìsàlẹ̀ ti pàdé sára ògiri kí n tó bò wọ́n, kí n má baà máa méfò.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dè é, ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ yín dúró lórí pláíwúùdù náà, kí ìwúwo rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀. Àárín ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹ ó sì máa bọ̀ wá sí etí. Ẹni tó bá ti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ̀rẹ̀ ti sé afẹ́fẹ́ àti wíwú mọ́ àárín, yóò sì máa dún bí agolo òfìfo títí láé. Ní etí, ẹ fi ínǹṣì 4 sáàárín sìkúrúù kan àti èkejì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé tó ààbọ̀ ínǹṣì láti bèbè kí igi má baà là. Ní àárín, ínǹṣì 6 tó. Bí ẹ bá kà á, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 lórí ẹyọ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 4 kan, yóò sì lé ní 1,000 fún yàrá tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó pọ̀, mo mọ̀. Ẹ má dín in kù nítorí pé bátìrì dírílì ń kú tí iná kò sì sí. Ẹ tẹ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé bí mìlímítà kan, kí ó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pláíwúùdù mìlímítà 6 kò ní ara púpọ̀ tí orí sìkúrúù yóò dì mú.

Ó ku irú kan tí mi ò tíì mẹ́nu bà. Àwọn pákó adènà-ariwo kan wà tí ojú òkè wọn pàápàá rọ̀, tí sìkúrúù kò ní ohun tí yóò jẹ mọ́. Ẹ má gbìyànjú láti dè é mọ́ ìyẹn. Ìpele pláíwúùdù méjì ni ẹ ó tẹ́ lé e, mìlímítà 12 lórí mìlímítà 12, kí ti òkè dábùú ti ìsàlẹ̀, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù sáàárín wọn, kí ẹ sì fi tírìkọ́tà de òkè mọ́ ìsàlẹ̀ nìkan. Méjèèjì yóò léfòó pọ̀. Ẹ rántí pé ilẹ̀ yóò ga sí i tó ínǹṣì kan, ẹ óò sì ní láti gé ìdí ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é tán, ẹ dí orí sìkúrúù àti ojú ìpàdé. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ni pé kí a po gọ́ọ̀mù funfun mọ́ ìyẹ̀fun igi tí ayùn dà sílẹ̀. Ó dára fún àga, ṣùgbọ́n ó máa ń sún kì bí ó bá gbẹ, yóò sì fi ihò pẹlẹbẹ sílẹ̀ tí fáínìlì yóò tọ́ka sí. POP àti ohun tí àwọn akunlé fi ń dán ògiri máa ń rún lábẹ́ ẹsẹ̀. Ohun tó dára jù ni àpòpọ̀ aláfisìmẹ́ńtì tí wọ́n ṣe fún títẹ́jú ilẹ̀; bí ẹ kò bá rí i, bọ́dì-fílà tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò yóò le, yóò sì ṣeé há. Ẹ fi sáńpépà 80 há a, kí ẹ tún fi 120 kọjá. Ẹ gbé igi réńjì, ìyẹn igi tó gún régé, tó gùn tó mítà 2 lé ilẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Àlàfo tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 3 lọ níbikíbi.

Gbogbo àmì tí ẹ bá ń sà, pẹ́ńsù ni kí ẹ fi sà á. Báírò àti máákà kò gbọdọ̀ kan pláíwúùdù tí a fẹ́ tẹ́ fáínìlì lé, nítorí yíǹkì wọn máa ń rìn gba inú fáínìlì bọ́ sókè. Ọmọ iṣẹ́ mi kan kọ nọ́ńbà sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú máákà búlúù nítorí kí ó lè mọ bí yóò ṣe tò wọ́n. Nígbà tó pẹ́, nọ́ńbà 7 yọ ní àárín pálọ̀ oníbàárà wa, kedere bí ẹni pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ẹlòmíràn bá ti kọ nǹkan sí i, ẹ há a kúrò tàbí kí ẹ yí ojú rẹ̀ dé.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ gbọọrọ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa fi ojú ilẹ̀ rá. Gbogbo ohun tó bá yọ, bó ti wù kó kéré tó, ni yóò ju òjìji gígùn sílẹ̀. Ẹ há wọn, kí ẹ gbálẹ̀, kí ẹ fi aṣọ tútù tí ẹ ti fún gbẹ nu ún, kí ẹ sì tún gbé tọ́ọ̀ṣì lélẹ̀.

Kí gọ́ọ̀mù fáínìlì tó kan ilẹ̀ ni kí ẹ dán ariwo wò, nítorí lẹ́yìn rẹ̀ ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ẹ rán ẹnì kan lọ sí yàrá ìsàlẹ̀. Ẹ mú orógùn tàbí igi kan náà, kí ẹ máa jẹ́ kí ó já bọ́ láti ibi tó ga tó orúnkún, ní ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì káàkiri yàrá. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ yóò máa sọ bí ó ṣe ń gbọ́ ọ. Bí ibì kan bá dún gbì tó yàtọ̀ sí tàwọn yòókù, ẹ tú sìkúrúù tó wà nítòsí ibẹ̀ wò. Ọ̀kan ti gùn jù láàárín wọn, tàbí kí pláíwúùdù ti fara kan ògiri. Kò tíì ṣẹlẹ̀ rí pé mo ṣe ìdánwò yìí tí mi ò rí ohun kan tún ṣe.

Títẹ́ fáínìlì fúnra rẹ̀ kò le bí ìsàlẹ̀ bá ti tẹ́jú. Ẹ tú u sílẹ̀ nínú yàrá fún wákàtí 24 kí ìká tó wà lára rẹ̀ lè nà, kí ẹ ta gọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún un pẹ̀lú abẹ eléyín wẹ́wẹ́, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀ lè fi àkísà we ẹyọ igi kan fi tẹ̀ ẹ́, àmọ́ àkísà funfun ni kí ó jẹ́ o. Àkísà àdìrẹ kò wọ́n ní ilé Ẹ̀gbá, ṣùgbọ́n aró rẹ̀ a máa ran fáínìlì tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì rọrùn láti nù kúrò.

Sìkátìn, ìyẹn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń kàn sí ìdí ògiri yí ká, ló kẹ́yìn. Ara ògiri ni ẹ ó kàn án mọ́, kì í ṣe ara pláíwúùdù, kò sì gbọdọ̀ jókòó lórí fáínìlì. Ẹ fi káàdì ATM ọjọ́ yẹn, méjì tàbí mẹ́ta lórí ara wọn, sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kàn án kí àyè díẹ̀ lè wà. Ní ẹnu ọ̀nà, ẹ dá pláíwúùdù dúró síbi tí pákó adènà-ariwo parí sí, kí ẹ sì jẹ́ kí irin ẹnu ọ̀nà di ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo mú, ti ọ̀ọ̀dẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì yóò kàn bo fáínìlì mọ́lẹ̀ láìní sìkúrúù. Kí ẹ sì rántí fa àwọn káàdì náà yọ kí ẹ tó kó irinṣẹ́ yín sọ̀ kalẹ̀.